Kí Ni Ká Máa Pe Root ní Ajégúnlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kò pọ̀: root, sudo, mount, permission, session, package. Àwọn ni ẹni tó bá fẹ́ máa ṣàkóso kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux kọ́kọ́ máa ń bá pàdé. Èrò wa ni pé ó yẹ kí wọ́n ní orúkọ ní Yorùbá, àti pé àwa tí à ń ka Yorùbá ní yunifásítì ló yẹ ká ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú kíláàsì ló yẹ ká jókòó sí. Ìdí tábìlì àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ajégúnlẹ̀ ló yẹ ká lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ajégúnlẹ̀? Nítorí pé Àpápá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Èbúté Àpápá àti ti Tin Can ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù tí à ń lò ní Nàìjíríà ń gbà wọlé. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ìwádìí mìíràn tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba Alaba àti Ìkẹjà lọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ kò rìn jìnnà: ó gba Malu Road, ó sì dé Boundary.

Ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 kì í sì í fẹ́ gba kọ̀ǹpútà tí kò ní ohun ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ kò ní in. Linux tó ní ojú fúyẹ́, bíi Xfce, lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 2GB lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá mọ Linux í ṣàkóso lè tà ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn fẹ́ sọ sórí ààtàn. Owó ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àṣà nìkan. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà kò sì wọ́n: ní 2007 ni Paradigm Initiative, tí 'Gbénga Sesan dá sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ iṣẹ́ kan léèrè pé kí ni sudo. Á ní òun la máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ó há a sórí bí ẹni há ọfọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí àṣẹ tó dà kọ látinú fídíò bá pa gbogbo fáìlì oníbàárà rẹ́, kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀ka wa kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1984. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti ìkejì ní 1990. Ìdí tí ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àpólà fi wà lẹ́nu gbogbo wa ni pé àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè wọ̀nyí ní ibi iṣẹ́: olùkọ́ ń lò wọ́n, ìdánwò ń béèrè wọn. Ẹ wá fi wé ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Oríkì tó dùn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń tún un ṣe tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni, tàbí sísítẹ́ẹ̀mù. Tábìlì atúnṣe ni ibi iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ la sì ti lè mọ èyí tó máa dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú root. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ kan pe nǹkan méjì: ìdí igi tí gbogbo fáìlì ti yọ ẹ̀ka, àti oníṣe tí kò sí ohun tí kò lè ṣe nínú ẹ̀rọ. (Oníṣe, ọ̀rọ̀ Wikipedia Yorùbá ni. Ó dára, a ò ní pààrọ̀ rẹ̀.) Fún ti àkọ́kọ́, gbòǹgbò tó. Fún ti ìkejì, gbòǹgbò kò sọ nǹkan kan. Baálé ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa: kọ̀ǹpútà jẹ́ agboolé, oníṣe kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, baálé nìkan ló lè wọ gbogbo yàrá. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n mélòó ló ń gbé agboolé ní Ajégúnlẹ̀? Face-me-I-face-you ni. Nígbà tí a ṣàlàyé rẹ̀ fún bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Boundary, ó ní láńlọ́ọ̀dù nìyẹn, sudo wá ni kíátékà.

Ẹ wò ó dáadáa, ó bá iṣẹ́ ẹ̀rọ mu ju baálé lọ. Nínú Ubuntu, títì ni ilẹ̀kùn root wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní ọ̀rọ̀ìpamọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi wọlé. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé Ubuntu sórí ẹ̀rọ ló ń fi sudo ṣe iṣẹ́ root ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìdi root. Láńlọ́ọ̀dù ń gbé Ìkòròdú, ẹ lè má rí i lọ́dún. Kíátékà ló ń gba owó ilé, òun ló ń pe púlọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ lórúkọ láńlọ́ọ̀dù. Sudo tún máa ń kọ ohun tí wọ́n bá fi ṣe sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ kíátékà kì í ṣe.

Mount ńkọ́? Ẹni tó bá tú u ní tààràtà á sọ pé gígùn ni, bí ẹni ń gun ẹṣin. Ṣùgbọ́n ẹ wo Àpápá. Ọkọ̀ dé, wọ́n so ó mọ́ èbúté kí wọ́n tó já ẹrù. Wọ́n parí, wọ́n tú okùn. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún fláàṣì gan-an nìyẹn: ó so ó mọ́ igi fáìlì. Bí ẹ bá da fáìlì kọ sórí rẹ̀, ẹ̀rọ lè ṣì di díẹ̀ mú sínú mẹ́mórì fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá fa fláàṣì yọ láì tú u ti jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí nígbà tí kọ̀nténà ṣì wà lórí kírénì. A fara mọ́ so mọ́ àti tú.

Session rọrùn: ìjókòó. Permission, ìyọ̀ǹda ni, mẹ́ta ló sì ní: kíkà, kíkọ, mímú ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní wàhálà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "kọ" sójú ẹ̀rọ tí ẹ ò fi àmì ohùn sí i dáadáa, ẹnìkan á kà á sí kọ̀, òmíràn á kà á sí kọ́. Ìkọ̀wé ni ìyọ̀ǹda náà ni, tàbí ìkọ̀sílẹ̀? Àmì ohùn pọn dandan níbí. Linux sì ti ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá nínú ètò kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà rẹ̀, nítorí náà kò sí àwáwí.

Àwọn kan á ní Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìlú Yorùbá nìkan: Ìjọ, Ìgbò, Urhobo, Hausa àti Ìlàjẹ ló ń gbé ibẹ̀, Píjìn sì ni gbogbo wọn ń sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni gbogbo wọn ń pe ọjà àlòkù? Tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé ni, ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó ṣe é, ó sì ti bá ọjà dé ibi tí a kò lè kà tán ní Nàìjíríà.

Kí ló dé tí a fi tẹ̀ mọ́ Linux? Microsoft ti fún Windows 7 ní aṣọ Yorùbá, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ní ti GNOME, KDE tàbí Xfce, fáìlì ìtumọ̀ wà ní gbangba: ìlà Gẹ̀ẹ́sì lókè, ìlà òfìfo lábẹ́ rẹ̀ fún yín. Ẹ kún un, ẹ fi ránṣẹ́.

Ohun tí à ń bẹ àwọn olùkọ́ wa àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde ni pé kí wọ́n gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ Thunar, tó ń tọ́jú fáìlì nínú Xfce, kó gbé e sórí ẹ̀rọ mélòó kan ní Ajégúnlẹ̀, kó sì padà lẹ́yìn oṣù kan lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́. Èyí tí wọn kò lò, kó yọ ọ́.

Package la ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan nínú wa ní àdìpọ̀, àwọn kan ní ẹrù, kí repository sì jẹ́ wíáháùsì. A máa gbé méjèèjì lọ sí Boundary.