“Èèwọ̀ Ni” Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ẹ̀yin ará wa ní Òkèhò àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Àwọn tí ó ń bú àṣà wa láti ìta ni a sábà máa ń bá wí nínú ìwé yìí. Lónìí, àwa tí a ń wí pé a fẹ́ràn àṣà náà ni ọ̀rọ̀ kàn.

Níbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá rí obì, orógbó, ataare, omi, iyọ̀ àti oyin nínú àwo. Ó bi bàbá àgbà rẹ̀ pé, “Bàbá, kí ni a ń fi orógbó ṣe?” Ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wa ń fún un ni, “Bí a ti bá a nìyẹn,” tàbí kẹ̀, “Má bèèrè, èèwọ̀ ni.” Ọmọ náà a sì dákẹ́. Ẹ má ṣe rò pé ó gbà. Yóò lọ bi ẹlòmíràn, ẹni náà yóò sì wí fún un pé ti èṣù ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì dá ọmọ lóhùn ni ọmọ ń gbà gbọ́.

Ta ni ó sọ orógbó di awo? Orógbó ni a fi ń tọrọ kí ọmọ ó gbó. Obì ni a fi ń bẹ̀ kí ikú ó bì sẹ́yìn. Bí hóró ataare ti kún inú ilé rẹ̀ ni a fẹ́ kí ọmọ kún ilé. Omi kò ní ọ̀tá. Ní ti iyọ̀ àti oyin, ahọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè túmọ̀ wọn. Obì tí a sì ń dà, ẹ mú un hàn án: awẹ́ mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì, bí méjì bá ṣíjú sókè tí méjì sì dojúdé, inú wa a dùn pé obì yàn, nítorí ìdọ́gba ni a ń tọrọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí kò gbà ju àkókò tí a fi ń jẹ àkàrà kan lọ.

Àwọn kan yóò wí pé a fẹ́ tú awo síta. Rárá o! Ohun tí a mulẹ̀ lé lórí, kí ó wà ní ibi tí ó wà. Ọmọ tí ó ń kọ́ Ifá ń lo ọdún púpọ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, àwa kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ pín ẹ̀kọ́ náà kiri ọjà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tí a bò nítorí ìmùlẹ̀ àti ohun tí a bò nítorí pé àwa náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀rù ń bà wá pé èkejì ti pọ̀ ju èkínní lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Íńdíà, tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí gẹ́gẹ́ bí ó ti jọba lé wa, tí àwọn oníwàásù òyìnbó sì pè ní abọ̀rìṣà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pè wá. Ní Dakshineswar, lẹ́bàá ìlú Calcutta, àwòrò kan wà ní ilé òrìṣà Kali. Ramakrishna ni orúkọ rẹ̀. Ó kú ní 1886. Kò kàwé púpọ̀. Iyọ̀, wàrà, ẹja, amọ̀ amọ̀kòkò, èyíinì ni ohun tí ìyàwó ilé ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, ni ó fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìdí ìsìn wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé kan, Mahendranath Gupta, a máa lọ jókòó tì í. Bí ó bá sì padà dé ilé, a kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Láti 1902 títí di 1932 ni ó fi tẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde ní ìdìpọ̀ márùn-ún, ní èdè Bengali tí í ṣe èdè wọn, kì í ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ẹ̀yìn àwòrò yìí kan náà, Vivekananda, ni ó dìde ní Chicago ní 1893 níwájú àpéjọ àwọn ẹlẹ́sìn gbogbo ayé, tí ó sọ̀rọ̀ ìsìn àwọn bàbá rẹ̀ láìtijú. Ojú kò tì í nítorí pé ẹnìkan ti sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Àwa náà kò ṣe aláìní irú wọn. E. M. Lijadu, àlùfáà Kristẹni, lọ jókòó ti àwọn babaláwo ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì kọ ìwé nípa Ifá ní èdè Yorùbá. Ẹ wo ọ̀ràn! Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fà wá kúrò nídìí Ifá ni ó fetí sí Ifá ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Wande Abimbola, ọmọ Ọ̀yọ́, gba ohùn àwọn babaláwo sílẹ̀, ó sì tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968 àti 1969. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àràmàǹdà tí ó jẹ́ ogún ọmọ aráyé. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n UNESCO kò lè wá láti Paris wá dá ọmọ Òkèhò lóhùn nídìí àwo orógbó.

Kì í sì ṣe kékeré ni ohun tí ìdákẹ́ wa ti fà. Nínú sinimá, ètùtù ti di orí ènìyàn nínú ìkòkò, babaláwo sì ti di ẹni tí ó ń fi ènìyàn ṣe owó. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀ràn pípa ènìyàn fún oògùn owó ti burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin ní Àbújá fi ké sí ìjọba àpapọ̀ pé kí ó kà á sí ọ̀ràn pàjáwìrì. Ta ni ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí pé láti inú “tù” ni ètùtù ti wá, pé ohun tí ó gbóná ni a ń tù kí ó lè tutù? Ta ni ó wí fún wọn pé ìgbín ni a ń wá, nítorí pé ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín, àti pé púpọ̀ nínú ẹbọ ni a ń sè tí aládùúgbò ń jẹ? Ẹni tí ó pa ènìyàn, apànìyàn ni, a kò sì bá a pín nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí irọ́ náà gbà wọlé, àwa ni a ṣí i sílẹ̀.

Ó yẹ kí Òkèhò mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Ìlú mọ́kànlá ni ó para pọ̀ lórí òkè nítorí ogun. Lẹ́yìn ìjà Òkèhò àti Ìsẹ́yìn ní 1916, ìjọba òyìnbó mú kí ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí a wà yìí ní 1917. Ilé ṣe é kọ́ ní ọ̀tun. Àpáta àti igi tí a fi sílẹ̀ ní Àhoro kò lẹ́sẹ̀ tí wọn yóò fi bá wa wá. Ìdí tí a fi ń wárí fún wọn nìkan ni ènìyàn lè gbé rù. Àwọn tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ ti lọ tán. Àwọn ọmọ tí wọ́n sọ ọ́ fún náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí í bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Ijó dára, ìlù sì dára. Nítorí náà ni a fi ń bẹ àdúgbò mọ́kànlọ̀ọ̀kànlá: ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tí ń bọ̀, kí ìlù tó dún, kí olúkúlùkù yan àgbà ọkùnrin kan àti àgbà obìnrin kan tí yóò jókòó ní gbangba láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ ìmàle àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe lè wá bi wọ́n ní ohun tí ó bá wù wọ́n. Kí ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé mú kálámù wá, kí ó kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀. Àwa yóò tẹ̀ wọ́n sínú ìwé yìí ní oṣooṣù títí wọn yóò fi tán. Àgbà tí a bá sì bi ní ohun tí kò mọ̀, kí ó wí pé òun kò mọ̀, kí ó sì fi ilé ẹni tí ó mọ̀ han ọmọ náà.