Lázaro, ọmọ ọjọ́ Babalú Ayé

Ní Hialeah, nítòsí Miami, níbi tí àwọn ará Kúbà pọ̀ sí, pe "Lázaro!" láàárín ọjà, kò ní ṣàìsí ọkùnrin tí yóò bojú wẹ̀yìn. Nílé wa ńkọ́? Lásárù wà nínú Bíbélì Yorùbá, ṣùgbọ́n ìyá wo ló fẹ́ fi alágbe tí ajá ń lá egbò rẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ?

Bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ dára. Eléásárì àwọn Hébérù ló di Lazaros lẹ́nu àwọn Gíríìkì, kí àwọn ará Sípéènì tó sọ ọ́ di Lázaro: "Ọlọ́run ti ṣèrànwọ́." Olúwarànmílọ́wọ́ kò jìnnà sí i. Ará Bẹ́tánì tí Jésù jí dìde ni Ìjọ Àgùdà kà sí ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n alágbe inú ìwé Lúùkù ni Kúbà gbé sọ́kàn. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀ rí arúgbó elégbò tó fi ọ̀pá méjì tilẹ̀, wọ́n rí Ọbalúayé. Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é.

Ní 17 oṣù Kejìlá, èrò a máa rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní El Rincón, lẹ́yìn odi Havana. Àwọn kan á wọ aṣọ àpò, àwọn mìíràn á fi orúnkún wọ́ lọ san ẹ̀jẹ́. Ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà, Lázaro ló sábà máa ń jẹ́, bí tiwa ṣe ń jẹ́ Abíọ́dún.

Nílé, Ọbalúayé kan náà ni Ṣọ̀pọ̀nná, òrìṣà àrùn ìgbóná, ṣùgbọ́n a kì í pe orúkọ yẹn ní gbangba. Olóde la ó wí, tàbí ilẹ̀ gbígbóná. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fòfin de ìsìn rẹ̀. Ọgbọ́n ni ìṣọ́ra yẹn nígbà tí àrùn náà ń sọ agboolé dahoro, ṣùgbọ́n láti 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé ó parẹ́. Kí la ṣì ń bẹ̀rù? Ní Hialeah, ìjọ Lùkùmí, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará Kúbà, tó ń jẹ́ orúkọ Babalú Ayé pe ìlú lẹ́jọ́ lórí òfin tó de ẹbọ ẹran, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì dá ìjọ náà láre ní 1993.

Ìgboyà wọn wù mí, àmọ́ wọ́n ní ibi ìsádi. Orúkọ ẹni mímọ́ ló wà nínú ìwé ìrìbọmi Lázaro, àlùfáà kò rí wí. Ẹni tó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọbalúayé n'Ìbàdàn lónìí, pásítọ̀ yóò kọ́kọ́ pè é sí ọ́fíìsì.