Ẹ Má Lé Ọmọ Tó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Ìràwọ̀

Láti Kambolé dé Tchamba, títí dé Sokodé, kò sí ẹni tí kì í wo ojú ọ̀run. Àgbẹ̀ ń wò ó kí ó tó gbin ọ̀gbìn. Mùsùlùmí ń wá oṣù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Àwọn baba ńlá wa pe àgùàlà ní ajá oṣù, nítorí pé ó máa ń bá oṣù rìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá béèrè ohun tó ń mú kí ìràwọ̀ tàn, ọ̀pọ̀ àgbà a máa sọ pé: “Iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn, kò kàn ọ́.” Lójú tèmi, ìdáhùn yìí ń pa wá lára.

Ẹ wo ìtàn Samuel Okoye, ọmọ Ìgbò láti Nàìjíríà, tí a bí ní ọdún 1939. Ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó lọ sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni òun àti olùkọ́ rẹ̀, Antony Hewish, ti ṣe ìwádìí nípa Ìkùukùu Alákàn. Ìràwọ̀ kan ló bú gbàmù tó di ìkùukùu náà. Àwọn ará Ṣáínà rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1054, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Okoye àti olùkọ́ rẹ̀ kò fi ojú lásán wò ó. Ìgbì tó ń ti ibẹ̀ wá ni wọ́n gbà, bí rédíò wa ṣe ń gba ìgbì láti Lomé. Ní ọdún 1965 wọ́n kéde pé ohun kékeré kan wà láàárín ìkùukùu náà, tí agbára ìgbì rẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ púpọ̀púpọ̀.

Ní ọdún 1968, àwọn olùwádìí mìíràn mọ ohun tó jẹ́: kókó ìràwọ̀ tó ti kú ni, ó sì ń yí nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 kìlómítà. Kò tó ọ̀nà Sokodé sí Tchamba. Síbẹ̀, ó wúwo ju oòrùn lọ. Ta ló débẹ̀? Ta ló fi okùn wọ̀n ọ́n? Kò sí. Ìṣirò ló tú àṣírí náà.

Okoye ni aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fífi ìgbì rédíò ṣèwádìí ojú ọ̀run. Kò jókòó sí òkèèrè. Ó padà wá kọ́ni ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní Nsukka. Ogun dé, yunifásítì Nsukka tì. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1972, ó dá ibùdó ìwádìí ojú òfuurufú sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kọ́ ìmọ̀ náà ní Nsukka.

Ẹnìkan lè wí pé ìràwọ̀ kì í di iṣu nínú ìkòkò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni a fi ń wọn ilẹ̀, tí a fi ń kọ́ afárá, tí a fi ń sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní Tógò, àwọn oníṣirò ti mọ ọjọ́ àti wákàtí náà láti ọdún pípẹ́. Ọmọ tí a bá dínà ìṣirò fún, gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí la dínà rẹ̀ fún un.

Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó iyebíye ni a kọ́kọ́ nílò. Olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ni, tí yóò dúró ti àwọn ọmọ wa. Nígbà tí a bá ń bẹ ìjọba fún omi àti ọ̀nà, kí a bẹ̀ ẹ́ fún olùkọ́ pẹ̀lú. Kí àwa òbí náà má ṣe yọ ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin, kúrò ní ilé-ìwé nítorí ọjọ́ ọjà tàbí ìkórè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ rántí pé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ìwé kíkà kì í ṣe tiyín. Lónìí, ẹ ń kà á. Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ lọ́wọ́ yín lálẹ́, ẹ má lé e. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ wí fún un pé: “Béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ lọ́la, kí o sì wá kọ́ èmi náà.”