Eré àgbà kì í ṣe aṣọ òkú

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Rẹ́mọ má ṣe yá ẹgbẹ́ òṣèré kankan ní gbọ̀ngàn mọ́, àfi èyí tó bá máa ṣe eré àwọn àgbà bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ń ba iṣẹ́ Ọlá Rótìmí àti Wọlé Ṣóyínká jẹ́, pé wọ́n ń fi Yorùbá sí ibi tí òǹkọ̀wé fi Gẹ̀ẹ́sì sí, pé olè sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà náà. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Aránṣọ ni mí, ní Sábó, Ṣàgámù níbí. Mo máa ń rán aṣọ eré fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò, nítorí náà kì í ṣe òkèèrè ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé agbádá wá bá mi, ti ọba Ọdẹ́wálé nínú The Gods Are Not to Blame tí Ọlá Rótìmí kọ. Wọ́n ní kí n ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn àti láyà kí ó pegedé, ṣùgbọ́n kí n má rán an le, kí n kàn fi òwú kan ṣoṣo gbé e kọ́ ara aṣọ. Mo béèrè ìdí. Ọ̀gá wọn ní tí ọba bá ti mọ̀ pé bàbá òun lòun pa, ìyá òun lòun sì fẹ́, òwú yẹn ni yóò fà. Ọlá Rótìmí kò kọ èyí sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i lórí ìtàgé, tí òwú aláwọ̀ wúrà tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ń tú bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin tó ń ṣe ọba, ara mi bù máṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ ìdánrawò pẹ̀lú. Ìyá kan tó ń ta obì sọ igbá kalẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó fẹ́ sinmi díẹ̀. Ó gbọ́ tí ọba ń fi Ògún búra pé ẹni tó pa ọba àná, òun yóò wá a jáde. Ìyá yìí kò gbọ́ orúkọ Ọlá Rótìmí rí. Ó nahùn wọlé: “Ọmọ mi, má tíì búra o! Wádìí ná!” Gbogbo òṣèré dúró. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe é, òun ló jẹ́ kí ó lè dá wọn lóhùn. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni, ìyá olóbì ì bá sinmi tán, kó gbé igbá rẹ̀ rù, kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ká má fọwọ́ kan iṣẹ́ Ọlá Rótìmí. Iṣẹ́ ta ni Ọlá Rótìmí fúnra rẹ̀ fọwọ́ kàn? Sophocles, ará ilẹ̀ Gíríìsì, ló kọ eré Ọba Oedipus ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Nínú eré Gíríìsì yẹn, oríta ni bàbá àti ọmọ ti pàdé láìmọ ara wọn, ta ni yóò yà fún ta ni ló di ìjà. Nígbà tí Ọlá Rótìmí gbé tirẹ̀ jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, ó sọ ọ́ di ìjà oko iṣu, ó sì jẹ́ kó jẹ́ pé èébú tí àgbàlagbà náà bú ẹ̀yà Ọdẹ́wálé ló mú un bínú débi ìpànìyàn. Ọdún 1968, ẹ rántí o. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, àwọn èèyàn ń kú nítorí ẹ̀yà. Bó bá ṣe pé Ọlá Rótìmí tẹ̀ lé Sophocles ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni, ìjà kẹ̀kẹ́ ẹṣin lójú títì ni àwọn ará Ifẹ̀ ì bá wò lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ì bá sì lọ sùn.

Ṣóyínká ńkọ́, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ tiwa níbí? Ní 1973 ó gba eré Euripides, ará Gíríìsì mìíràn, ó tún un ṣe fún National Theatre ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1977 ó gba ti Brecht, ará Jámánì, ó sọ ọ́ di Opera Wonyosi ní Ifẹ̀. Kódà ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba tí gbogbo wa fi ń mọ̀ ọ́n, Dúró Ládiípọ̀ ti gbé e sórí ìtàgé bí Ọba Wàjà ṣáájú kí Ṣóyínká tó tẹ tirẹ̀ jáde ní 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ ti Ṣóyínká sí Yorùbá. Ní 2022, Bíyì Bándélé sọ ọ́ di fíìmù. Ìtàn kan náà, ọwọ́ mẹ́rin. Ta ni nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni olè?

Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, aṣọ kan ṣoṣo ni a kì í tú rán, aṣọ òkú ni. Aṣọ alààyè, bí olówó rẹ̀ bá sanra, a ó tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá fi fún ọmọ rẹ̀, a ó dín in kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré rí.

Èyí tó ká mi lára jù ni Women of Owu tí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ. Inú eré Euripides lórí àwọn obìnrin Troy ló ti mú un, ó sì kọ́kọ́ jáde ní 2004 ní Chipping Norton, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ogun Iraq ń lọ lọ́wọ́. Ó gbé Troy wá sí Òwu, ìlú tí ogun Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, dó tì fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fọ́ ọ, nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀ṣọ́fisan. Ó jókòó, ó kọ ẹkún àwọn obìnrin ìlú tí àwọn baba rẹ̀ wà lára àwọn tó fọ́ ọ. Àwa Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, ìbátan ni wá. Àwọn ọmọ Òwu sì wà ní Abẹ́òkúta, a jọ ń san owó orí sí ìpínlẹ̀ kan náà ni. Mo fẹ́ kí eré yìí dé Ṣàgámù, kó dé Ìkẹ́nnẹ́, ní Yorùbá, kí Erelú, olorì Òwu nínú eré náà, dúró síwájú wa kó sì bi wá ní ìbéèrè rẹ̀ ní èdè tí àwọn ìyá wa gbọ́. Bí a bá tẹ̀ lé àbá ẹ̀gbọ́n wa, kò lè dé ibí ní Yorùbá láéláé, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé.

Ohun kan wà tí ẹ̀gbọ́n wa sọ tó tọ̀nà. Ọlá Rótìmí kú ní ọdún 2000, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sì dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yí eré rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára pátákó. Àwọn tí mo rán agbádá fún kọ̀wé gba àṣẹ. Ẹni tí kò bá gbà á, kí òfin mú un. Mo sì ti rí eré tó burú gan-an: wọ́n dá ọba dúró láàárín ọ̀fọ̀ kí wọ́n lè ki olówó kan tó jókòó níwájú. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá wí ni ẹgbẹ́ yẹn, n kò ní kí wọ́n ti gbọ̀ngàn.

Ní ti àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa ní irú eré tí a yí padà báyìí yóò ṣì lọ́nà nínú ìdánwò: ọmọṣẹ́ mi kan tí kò ka ìwé kankan tán rí lọ yá The Gods Are Not to Blame ní ọjọ́ kejì tí a wo eré náà. Ó fẹ́ wo ibi tí ọba ti fa òwú. Ó kà á dé ìparí, kò rí i, ó wá bá mi jiyàn lórí rẹ̀ títí di alẹ́.

Mo bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti gbọ̀ngàn mọ́ àwọn ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn ní ọjọ́ Sátidé. Ẹgbẹ́ tó bá sì fẹ́ gbé àwọn obìnrin Òwu wá sí Ṣàgámù ní Yorùbá, kí wọ́n wá mi wá sí Sábó. Èmi yóò rán aṣọ gbogbo wọn, n kò ní gba owó iṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aránṣọ, Sábó, Ṣàgámù.