Ọgbà Nábótì ní Amẹ́ríkà

Bí a bá ń kọ́ ìtàn bí Amẹ́ríkà ti gbòòrò lọ sí ìwọ̀-oòrùn, oríire ni a sábà máa ń pè é. Ní ọdún 1803, Ààrẹ Thomas Jefferson ra agbègbè Louisiana lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ilẹ̀ orílẹ̀-èdè tuntun náà sì di ìlọ́po méjì. Àwọn tí baba ńlá wọn ti ń gbé ibẹ̀ kò sí níbi tí a ti ná an.

Ní 1830, ìjọba ṣe òfin láti kó àwọn onílẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn kọjá odò Mississippi. Àwọn Cherokee ní òfin ìlú tiwọn, wọ́n sì ń tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wọn. Èyí kò gbà wọ́n sílẹ̀. Míṣọ́nnárì Samuel Worcester dúró tì wọ́n. Ó kọ̀ láti búra fún ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dá a láre ní 1832. Síbẹ̀, ní 1838, àwọn ọmọ ogun lé àwọn Cherokee kúrò nílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó kú.

Ọ̀pọ̀ Kristẹni ìgbà náà ní Ọlọ́run ni ó fi ilẹ̀ náà fún wọn. Ṣùgbọ́n Jésébẹ́lì pẹ̀lú kéde ààwẹ̀ kí ọgbà Nábótì tó bọ́ sí ọwọ́ Áhábù. Àdúrà kì í sọ ohun olóhun di tiwa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni, nígbàkígbà tí ó bá ń ka ìtàn ìṣẹ́gun, kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ta ni ó ni ilẹ̀ náà?" Worcester bèèrè rẹ̀, ó sì gba ẹ̀wọ̀n nítorí ìdáhùn rẹ̀.