Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ àti Ènìyàn

Àwọn òbí Yorùbá kan tí ń gbé ní Amẹ́ríkà bi wá léèrè bóyá kí ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi ẹ̀kọ́ AP Human Geography tí ó ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀. Lójú wọn, kíkọ́ orúkọ odò àti olú-ìlú sórí kò tó ohun tí ọmọ ń pàdánù oorun lé lórí.

Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, ẹ má ṣe kánjú. Orúkọ odò kọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí, tí a kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀ ní 2001. Ó ń wádìí ìdí tí àwọn ènìyàn fi tẹ̀dó síbi tí wọ́n wà, àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣí kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ní 1826, ará Jámánì kan, Johann Heinrich von Thünen, tí òun tìkárarẹ̀ ní oko, tẹ ìwé kan jáde. Ó ní bí ìlú kan bá dá wà láàrin pẹ̀tẹ́lẹ̀, wàrà àti ẹ̀fọ́ ni a ó rí nítòsí rẹ̀, nítorí wọn a tètè bàjẹ́. Igi ìdáná ni yóò tẹ̀lé e, nítorí ó wúwo láti rù. Lẹ́yìn náà ọkà. Ẹran ọ̀sìn ni yóò jìnnà jù, nítorí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wọ ọjà. Ta ni nínú wa tí kò mọ oko etílé yàtọ̀ sí oko egàn? Kí bàbá jókòó ti ọmọ náà ní alẹ́ kan, kí ó sọ èyí fún un. Yóò ràn án lọ́wọ́ ju olùkọ́ tí a fi owó bẹ̀ lọ.

Ọmọ Yorùbá pàápàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ni ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì gbogbo ayé, láti 1980 sí 1984. Ní 1970 ó kọ̀wé pé ìròyìn tí ẹni tí ó ti oko lọ sí ìlú bá fi ránṣẹ́ sílé ni ó ń mú ẹlòmíràn gbéra tàbí kí ó dúró. Kí ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ léèrè ìwé ta ni ó mú òun gbéra.

Nípa ti oorun, ẹ jàre: ìwé tí wọn ń kà níbẹ̀ pọ̀ fún ọmọdé. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pinnu máàkì tí yóò gbà, láti 1 dé 5. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ó bá sì tún sú ọmọ náà lẹ́yìn tí ẹ ti jókòó tì í, ẹ jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ láìsí ìbáwí.