Ta Ní Ń Gbẹnu Sọ fún Bíríkìlà?

Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní agbẹnusọ ní ilẹ̀ yìí. Awakọ̀ ní tiwọn, olùkọ́ ní tiwọn, dókítà ní tiwọn. Bí ìjọba bá fọwọ́ kan owó wọn ní àárọ̀, kí ó tó di alẹ́ gbogbo ayé á ti gbọ́ lórí rédíò. Èyí dára, ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mi-ò-jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn: ta ní ń gbẹnu sọ fún bíríkìlà? Ta ní ń sọ̀rọ̀ fún kápẹ́ńtà, fún ẹni tí ń mọ búlọ́ọ̀kù, fún lébìrà tí ń ru kọnkéré gun àkàbà, àti fún òṣìṣẹ́ tí ń fi owó tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ ọmọ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta?

Ẹ má sọ fún mi pé REDAN wà. Mo mọ̀ wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ́ ilé tà ni, wọ́n mọ ọ̀nà Àbújá, wọ́n sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀, owó-orí àti ẹ̀yáwó. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò tí ẹ ń gbé. Láti Agége dé Ìkòròdú, láti Mọ́níyà dé Àpáta, mélòó nínú àwọn ilé yẹn ni ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́? Tíṣà ló kọ́ èyí, ìyá aláṣọ ló kọ́ tọ̀hún. Ó ra ilẹ̀ lọ́dún kan, ó mọ búlọ́ọ̀kù lọ́dún kejì, ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún kẹta, ìgbà tí owó ilé tí ó ń gbé wá le jù, ó kó wọ inú ilé tí kò tíì ní fèrèsé. Onílé kan, bíríkìlà kan, lébìrà méjì: iṣẹ́ ilé kíkọ́ wa gan-an nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí ni kò lẹ́nu níbi tí a ti ń pín nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú wọn ń rí. Kí bíríkìlà tó da omi sí yanrìn, ọmọ onílẹ̀ ti dé. Owó ìpìlẹ̀ wà, owó dẹ́kìn wà, owó òrùlé wà. Bí o bá ní o ò san án, wọ́n á lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lòdì sí ìwà yìí ní ọdún 2016, Ògùn náà ṣe tiwọn ní ọdún kan náà. Ó dára, a kí wọn. Ṣùgbọ́n òfin wà nínú ìwé, ọmọ onílẹ̀ wà lójú ilẹ̀. Bíríkìlà tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́, owó oòjọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbà á.

Bí ọmọ onílẹ̀ bá kúrò tán, ó ku ìjọba. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Bí o bá fẹ́ ta ilẹ̀ tí o ti ní ìwé rẹ̀, àfi kí gómìnà fọwọ́ sí i, owó sì ni ìfọwọ́sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè san án, wọ́n á fi ìwé ọwọ́ lásán ra ilẹ̀. Báǹkì kò sì ní gba ìwé ọwọ́ lásán. Láti ọdún 1992 ni òfin owó ilé ti wà, tí wọ́n ń yọ ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá lọ yá nínú rẹ̀, wọ́n á ní kó mú ìwé ilẹ̀ tó péye wá. Ìwé wo? Ìwé tí kò rówó gbà! Wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ní kí a yí òfin 1978 padà. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Wọ́n ti so òfin yẹn mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Kí a tó lè tún un ṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbọ́dọ̀ gbà. Ìgbà wo nìyẹn máa wáyé? Iye tí à ń san àti iye ọjọ́ tí fáìlì ń lò lórí tábìlì kò nílò Àbújá rárá. Gómìnà àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè tún un ṣe láàárín oṣù kan, bí ẹnìkan bá di ọrùn aṣọ wọn mú.

Ẹnìkan á ní, "Ọ̀gá oníròyìn, bí àṣẹ ìkọ́lé bá rọrùn, ṣé ilé kò ní máa wó pa wá?" Ìbéèrè gidi ni. Ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní March 2019, ó pa ọmọdé. Ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù November 2021, ó pa ènìyàn tó ju 40 lọ. Ṣé ilé tálákà ni ti Ìkòyí? Owó ńlá kò ní kí ilé má wó. Ẹni tí wọ́n sì dá púláànù rẹ̀ dúró sí ọ́fíìsì fún oṣù mẹ́fà, òru ni yóò fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Sátidé àti Sọ́ńdè ni yóò gbé ògiri ró, nítorí ó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò sí níta. Ta ló máa wo irin rẹ̀? Ta ló máa wo sìmẹ́ǹtì rẹ̀? Àṣẹ tó rọrùn ló ń mú ènìyàn jáde sí gbangba.

Ẹ tún wo ti sìmẹ́ǹtì. Ní ọdún 1975, ìjọba ra sìmẹ́ǹtì débi pé ọkọ̀ òkun tò sí iwájú Àpápá bí ọkọ̀ nínú gòsílóò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò kan kọjá 10,000 náírà ní àwọn ibì kan. Ìjọba pe àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ǹtì jókòó ní February, wọ́n fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń mọ búlọ́ọ̀kù, ṣé ẹnikẹ́ni pè yín? Nígbà tí owó gòkè, iṣẹ́ dúró, ọmọ iṣẹ́ sì gbé ọ̀kadà. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kí táìlì ilé òun gún, ará Kútọnu tàbí Lómè ló ń wá kiri. N kò bínú sí wọn, ọwọ́ wọn mọ́. Àwa ni a jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ tiwa máa kú.

Bí a bá pariwo, ǹjẹ́ wọ́n ń gbọ́? Wọ́n ń gbọ́! Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, Èkó fi owó gọbọi lé owó-orí ilé. Lọ́yà sọ̀rọ̀, onílé sọ̀rọ̀, oníṣòwò sọ̀rọ̀. Kí oṣù March tó parí, ìjọba ti dín in kù. Kì í ṣe àánú ló ṣe wọ́n o, ohùn ló pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin bíríkìlà, kápẹ́ńtà, púlọ́ńbà, ẹ̀yin onílé tí ẹ ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀, ẹ kóra jọ ní káńsù kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè. Èkíní, kí wọ́n lẹ iye owó àti iye ọjọ́ púláànù mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì; bí ọjọ́ bá pé tí ìdáhùn kò dé, kí wọ́n dá owó padà. Èkejì, kí káńsù la ọ̀nà, kí ó sì gbẹ́ gọ́tà. Ìwé òfin ló gbé iṣẹ́ yẹn fún wọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti ní láti ọjọ́ 11 July 2024 pé kí owó wọn máa wọ ọwọ́ wọn tààrà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n mú òfin ọmọ onílẹ̀ lò. Kí ẹgbẹ́ yín náà gbá ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀: bíríkìlà tó ń jí sìmẹ́ǹtì oníbàárà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ lé e.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, kó wo iye tó ń san fún yàrá kan. Ilé tí a kò kọ́ ló sọ èyí tó wà di wúrà. Nígbà tí káńsẹ́lọ̀ bá tún gbé bébà ìbò wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má béèrè ìrẹsì. Ẹ bi í pé: ọjọ́ mélòó ni púláànù ń lò ní ọ́fíìsì yín? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.